Bí Ọmọlangidi Ṣe Ń Jìjàkadì

Ní ọdún 2001, Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, gbé fíìmù kékeré kan jáde tó pe orúkọ rẹ̀ ní Kokoa. Kò gùn tó ìṣẹ́jú 15. Ìdíje ìjàkadì ni ó dá lé lórí, irú èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní kokowa, eré tí àwọn ará Niger kò fi ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ agbo ìjà yìí kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, alágẹmọ náà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gbé ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ọmọlangidi ni gbogbo wọn. Kò sí okùn tó ń fà wọ́n, bí okùn ṣe ń fa àwọn ère kéékèèké tó máa ń wà lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu àti Yewa. Kò sí ẹni tó ki ọwọ́ bọ inú wọn. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń jà?

Fọ́tò ni. Ẹ gbé ọmọlangidi kan sórí tábìlì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kan. Ẹ fi ọwọ́ gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀, kó má ju ìbú èékánná lọ, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò, ẹ ya òmíràn. Ẹ tún gbé e, ẹ tún yà á. Bí ẹ bá ti ya méjìlá, tí ẹ sì jẹ́ kí méjèèjìlá kọjá lójú òǹwòran láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, òǹwòran kò ní rí fọ́tò méjìlá mọ́. Apá tó ń gbéra ni yóò rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní stop-motion nìyẹn. Ọpọlọ wa ni ó ń ṣe ìyókù iṣẹ́: bí àwòrán bá ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá, tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì kéré, ọpọlọ a fi ìrìn dí àlàfo náà. Bí wọ́n bá dín sí bíi mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀tàn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, nǹkan á máa ta gìrìgìrì lójú wa. Fíìmù tí à ń wò ní sinimá máa ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe stop-motion máa ń ya 12, kí wọ́n wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè pé 24.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Méjìlá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 720 ni ìṣẹ́jú kan yóò jẹ. Alassane ti kọ́kọ́ ṣe fíìmù ọmọlangidi kan ní 1977, Samba le Grand, ìtàn akọni tó ń wá ìfẹ́ ọmọbìnrin ọba, tí ọmọbìnrin náà ń gbé iṣẹ́ tó ju agbára lọ kalẹ̀ fún un. Fíìmù náà tó ìṣẹ́jú 14. Bí a bá ya irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní méjìlá-méjìlá, fọ́tò 10,080 ni. Bí a bá yà á ní 24, ó di 20,160. Fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ní láti wọlé, kó sún nǹkan, kó sì jáde láìkan ohun tí a kò rán an sí. Ray Harryhausen, ará Amẹ́ríkà tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń wárí fún, lo oṣù mẹ́rin àbọ̀ lórí ìran kan ṣoṣo nínú fíìmù Jason and the Argonauts tó jáde ní 1963, níbi tí egungun òkú méje ti ń bá ènìyàn mẹ́ta ja ìjà idà. Ìran náà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí, lójú tèmi, ni bí a ṣe máa mú kí gbogbo nǹkan yòókù dúró. Mímú ọmọlangidi rìn, ọmọdé á kọ́ ọ láàárín ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n kí tábìlì má mì, kí iná má yí padà, kí òjìji má sún, kí kámẹ́rà má yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí kan fún odindi wákàtí mẹ́rin, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ohunkóhun tó bá sún láàárín fọ́tò kan àti èkejì, òǹwòran á rí i pé ó rìn, ìbáà jẹ́ ohun tí a fẹ́ kó rìn tàbí ohun tí a kò fẹ́.

Norman McLaren, ẹni tó kọ́ Alassane ní apá kan nínú iṣẹ́ yìí, mọ èyí dáadáa. Mẹkáníìkì ni Alassane jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1942 ni wọ́n bí i. Jean Rouch, òyìnbó Faransé tó ń ya fíìmù káàkiri etí odò Ọya, ni ó ràn án lọ́wọ́ wọnú iṣẹ́ sinimá, lẹ́yìn náà ni ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ McLaren ní Kánádà. McLaren yìí ni ó ṣe Neighbours ní 1952, níbi tó ti sọ ènìyàn gidi di ọmọlangidi: ó ń yà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fò sókè fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dà bí ẹni tó ń yọ́ lọ lórí koríko láìgbé ẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí gbogbo oníṣẹ́ yìí mọ̀ ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwòrán kan àti èkejì ṣe pàtàkì ju ohun tó wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan lọ.

Àwọn kátúùnù tí Alassane kọ́kọ́ ṣe, àwòrán ọwọ́ ni wọ́n: La Mort de Gandji ní 1965, Bon Voyage Sim ní 1966. Sim yìí ni ààrẹ orílẹ̀-èdè àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Ó gbéra lọ kí ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ìgbà tó fi máa dé, àwọn aráàlú rẹ̀ ti kẹ̀yìn sí i, wọ́n sì jù ú sódò. Ọdún 1966 yìí kan náà ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní Gánà nígbà tó wà lójú ọ̀nà Hanoi. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni fíìmù náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó mọ irú ọkàn tó wà nínú ẹni tó ṣe é. Láti 1965 títí dé 2001, ọ̀pọ̀lọ́ kò kúrò nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó fi ẹ̀dá tí a máa ń fi ẹsẹ̀ gbá kúrò lójú ọ̀nà ṣe ọba, ààrẹ àti ajìjàkadì, tí kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 2015.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, fíìmù gidi tó ń wọ inú kámẹ́rà ni wọ́n ń lò, èyí tí a gbọ́dọ̀ fọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yà á tán. Ẹni tó ń sún ọmọlangidi kò lè rí ohun tó ti ṣe títí tí fíìmù yóò fi ti ibi ìfọ̀ dé. Orí rẹ̀ ló fi ń rántí ibi tí apá wà kí ó tó sún un. Lónìí, áàpù orí fóònù bíi Stop Motion Studio máa ń fi fọ́tò tó ṣáájú hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ èyí tí a fẹ́ yà, kí a lè rí ìwọ̀n tí a sún nǹkan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí yẹ ní ṣíṣe ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe ní Niamey tàbí Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Ká fi Òṣú ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Kí ni ẹni tó wà níbẹ̀ nílò?

Egungun ara ọmọlangidi ni ó kọ́kọ́ nílò, wáyà sì ni egungun yìí. Wáyà tí àwọn tó ń di irin ilé ń lò wà káàkiri, ṣùgbọ́n ó lè ta padà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́: ẹ gbé apá sókè, ẹ yọ ọwọ́, apá á ta padà díẹ̀ fúnra rẹ̀. Wáyà alumíníọ̀mù tàbí bàbà tó wà nínú okùn iná dára jù, torí pé ó rọ̀, ibi tí a bá sì tẹ̀ ẹ́ sí ni yóò dúró. Ẹ lọ́ méjì pọ̀ mọ́ra. Wáyà yòówù kí ó jẹ́, yóò dá lọ́jọ́ kan, nítorí pé ojú kan náà là ń tẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ ṣe apá àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ ju iye tí ẹ nílò lọ. Fóòmù inú tìmùtìmù àtijọ́ ni ẹran ara. Àkísà aṣọ tó kù nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni awọ àti aṣọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ojú. Ihò tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ ni dúdú ojú, abẹ́rẹ́ ni a ó ki bọ̀ ọ́ láti fi yí ojú náà sọ́tùn-ún àti sósì. Amọ̀ etí odò kò dára fún ọmọlangidi tó máa pẹ́ lórí tábìlì, torí pé ó ń gbẹ, ó sì ń sán. Amọ̀ olóròóró tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò kì í gbẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn oṣù Kejì àti Kẹta bá mú yàrá gbóná, yóò rọ̀ jù, ọ̀pọ̀lọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikùn lélẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ọmọlangidi tó ń rìn máa ń fi ẹsẹ̀ kan dúró nígbà tí èkejì wà lókè, bí a kò bá sì kàn án mọ́lẹ̀ yóò ṣubú. Pátákó rírọ̀ ni a fi ń ṣe ilẹ̀, kí a lè ti abẹ́rẹ́ gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀, kí a sì yọ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tó gbé. Gbogbo iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Adébísí Àkànjí ní Òṣogbo, iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe kó tó di ẹni tí ère sìmẹ́ńtì rẹ̀ wà nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Mẹkáníìkì Niger àti bíríkìlà Òṣogbo fi hàn mí pé ọwọ́ tó ti mọ irin tàbí sìmẹ́ńtì kò jìnnà sí ère.

Wàyí o, ìrìn fúnra rẹ̀. Nítorí pé Ìjẹ̀ṣà kì í fi iyán ṣeré, ẹ jẹ́ kí ọmọlangidi wa jẹ́ obìnrin tó ń gún iyán. Gbígbé ọmọ odó sókè àti jíjù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fọ́tò méjìlá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pín in dọ́gba: mẹ́fà sókè, mẹ́fà sílẹ̀. Ohun tí yóò rí ni obìnrin tó ń gbé òwú. Ọmọ odó gidi wúwo. Ó ń lọ́ra gòkè, ó ń dúró díẹ̀ lókè, ó sì ń já bọ́ kíákíá. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹ fi fọ́tò mẹ́fà gbé e gòkè: kan, méjì, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan àbọ̀, ìdajì. Ẹ fi fọ́tò méjì mú un dúró lókè, kí orí obìnrin náà nìkan sún díẹ̀. Fọ́tò méjì péré ni sísọ̀kalẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, lẹ́yìn náà méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fọ́tò méjì tó kù, ọmọ odó wà nínú odó, èjìká obìnrin náà tẹ̀ wálẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni iyán yóò wúwo lójú ẹni tó ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóòmù ni ó wà nínú odó náà. Ohun gbogbo tó wúwo ní ayé yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ pẹ̀lú ìsún kékeré, ó ń pọ̀ sí i láàárín, ó sì ń kéré kó tó dúró, àyàfi tí nǹkan bá dá a dúró lójijì bí odó ṣe ń dá ọmọ odó dúró. Nínú ìjàkadì, òfin yìí kan náà ni: ẹni tí wọ́n gbé lókè ń lọ́ra, ẹni tó ń ṣubú ń yára. Ìwúwo yẹn ló ń mú kí a gbàgbé pé ọmọlangidi là ń wò.

Ìmọ́lẹ̀ ni ìṣòro ńlá. Ẹni tó bá gbé tábìlì rẹ̀ síta ní àgbàlá tó sì ń lo oòrùn yóò kábàámọ̀. Ká ní ìṣẹ́jú kan ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń gbà á, fọ́tò 120, tí í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, yóò gba wákàtí méjì. Láàárín wákàtí méjì yẹn, òjìji odó ti yí kúrò lápá ọ̀tún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abẹ́ odó, ìkùukùu sì ti bo oòrùn bíi ìgbà mélòó kan. Nínú fíìmù, gbogbo èyí á ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá: òjìji á máa sá, ìmọ́lẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Nítorí náà ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ dúdú bò ó, ẹ lo iná tiyín. Iná NEPA náà kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí pé agbára rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ bí àwọn aládùúgbò bá ti ń tan nǹkan wọn. Ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú sì máa ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú wa kò rí ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà ń rí. Fìtílà oníbátìrì, irú èyí tí à ń gba iná sí, ni mo fara mọ́. Méjì tó. Ẹ gba iná sí wọn kún, kí ẹ sì ya ìran náà tán kí bátìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

Fóònù náà ní wàhálà tirẹ̀: ó fẹ́ máa ran yín lọ́wọ́. Bí ọwọ́ yín bá ti kọjá níwájú rẹ̀, á ro pé ibẹ̀ ti ṣókùnkùn, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, àwọ̀ á yí padà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí a bá tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò ti ìmọ́lẹ̀ àti ìríran rẹ̀ pa síbi tó wà. Ẹ fi rọ́bà de fóònù mọ́ búlọ́ọ̀kù kan tí kò mì. Ẹ má ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ya fọ́tò. Ẹ ki okùn etí bọ̀ ọ́, bọ́tìnì ohùn tó wà lára okùn náà á máa yà á fún yín lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ẹ pa fáànù. Ẹ wọ aṣọ dúdú, torí pé aṣọ funfun yín yóò máa ta ìmọ́lẹ̀ sára ọmọlangidi ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá súnmọ́ ọn.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí kò ní dúró bó ti wù ká ṣe é, ìyẹn ni ibi tí ọwọ́ wa kàn. Nínú King Kong ti 1933, irun ọ̀bọ ńlá náà máa ń mì jìgìjìgì bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan. Ìka àwọn tó ń sún un ni ó ń tú irun náà láàárín fọ́tò kan àti èkejì. Ọ̀pọ̀ ló ka èyí sí àbùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wes Anderson, olùdarí ará Amẹ́ríkà tí ènìyàn lè dá fíìmù rẹ̀ mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ń ṣe Fantastic Mr. Fox tó jáde ní 2009, ó fẹ́ kí àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ̀ ní irun gidi, kí irun náà sì máa mì bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n ya ìran ní 12 kí ìrìn wọn má ba à yọ̀ jù. Òwú ni ó fi ṣe èéfín. Mo fẹ́ràn ìpinnu yìí gan-an. Ìwájú, eré tí Kugali àti Disney gbé jáde ní 2024 nípa Èkó ọjọ́ iwájú, rẹwà, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ibi tí a ti lè rí ìka ẹnikẹ́ni. Nínú iṣẹ́ ọmọlangidi, irun tó mì yẹn ni àmì pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀.

Bí ọmọlangidi yín bá máa sọ̀rọ̀, ẹ gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò kankan. Ẹ gbọ́ ohùn náà, ẹ kọ ìró tó bọ́ sí fọ́tò kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí dé òpin. Ẹnu tí a gé lára bébà líle tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú tí a sì ń pààrọ̀ ni ó rọrùn jù. Èdè wa kò bèèrè ẹnu tó pọ̀. Ẹnu tó là gbàgà fún a. Èyí tó là díẹ̀ fún ẹ. Èyí tó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún e àti i. Èyí tó yí bìrìkìtì tó sì là fún ọ. Èyí tó yí tó sì kéré fún o, u àti w. Ètè tó pa dé fún b, m, p àti gb. Eyín lórí ètè fún f. Méje péré. Nítorí pé fáwẹ́lì ni ọ̀rọ̀ wa fi ń parí, ẹnu ọmọlangidi Yorùbá kò gbọ́dọ̀ pa dé ní òpin ọ̀rọ̀ bí ti ọmọlangidi òyìnbó. Bí ọmọ Òṣú bá sì ni ọmọlangidi yín, tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, ẹnu tó yí ni ẹ ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn níbi tí ọmọ Ọ̀yọ́ yóò ti lo èyí tó fẹ̀. Àmì ohùn kì í hàn lẹ́nu rárá: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ẹnu kan náà ni. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ni yóò gbé ìyẹn, ẹ sì lè gbé orí ọmọlangidi sókè díẹ̀ níbi tí ohùn bá ti lọ sókè.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 14. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó, fọ́tò 120, ọmọlangidi kan, odó kan, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ wá ibi tí ọmọ odó kò ti wúwo, kí ẹ sì tún apá ibẹ̀ yẹn nìkan yà.